Orin Tí Mo Kọ fún Ọwọ́ Òsì Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ fara balẹ̀ fún mi lónìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ abiyamọ tuntun, mi ò sì tíì sọ ọ́ délẹ̀délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá ọmọ kan láàárín yín béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni òun lè máa ṣe nínú ilé kí orin lè wọ àwọn ọmọ òun kéékèèké lára. Ó ní òun gbọ́ pé mo ti ṣe tíṣà orin fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé èmi gan-an ló yẹ kí òun bi.

Háà! Èmi kẹ̀? Mo ka ìbéèrè yẹn tán, mo bọ́ jígí ojú mi sílẹ̀.

Mo lè sọ pé kó máa kọrin fún wọn, kó máa bá wọn pàtẹ́wọ́, kó gbé agolo fún wọn kí wọ́n máa lù. Òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Èmi náà ṣe gbogbo ẹ̀, mo ṣe é dáadáa pàápàá. Ẹ wá gbọ́ ibi tó já sí.

Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí nígbà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ Ojúelégba là ń gbé, ní Sùúrùlérè, yàrá méjì àti pálọ̀ kan, nínú ilé tí gbogbo ayálégbé ti jọ ń lo ilé ìdáná kan àti bàlùwẹ̀ onípákó kan lẹ́yìnkùlé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Réluwéè, ó sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yábàá. Èmi ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́ gbogbo kíláàsì lórin, pẹ̀lú páálí dò-rè-mí tí mo ń gbé kọ́ ara ògiri àti rúlà tí mo fi ń tọ́ka sí i. Rúlà yẹn náà ni mo fi ń na àwọn ọmọ o! Mi ò ní purọ́ fún yín.

Mojísọ́lá ni àkọ́bí wa. Ọdún márùn-ún la fi wá a kí Ọlọ́run tó fi í ta wá lọ́rẹ, nítorí náà ẹ mọ ojú tí mo fi ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí, torí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Dò-rè-mí nìkan ni èmi fúnra mi mọ̀. Mi ò mọ dùùrù tẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin lọ fọ abọ́. Mo wá fi í sọ́kàn pé ọmọ tèmi máa jókòó sídìí dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kan, gbogbo ìjọ á dìde, á sì tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Mi ò bẹ Ọlọ́run ní ohun tó ju ìyẹn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, mò ń kọrin. Tí mo bá ń lọ ata lórí ọlọ, màá ní kó jókòó tì mí kó máa pàtẹ́wọ́ sí i bí ọmọ ọlọ ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Tí oníbúrẹ́dì bá polówó kọjá, màá ní, "Mojí, báwo ló ṣe pè é?" Yóò sì pè é gẹ́lẹ́, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. A ní asọ̀rọ̀mágbèsì kan lára ògiri pálọ̀. Tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Mojí á lọ dúró sábẹ́ ẹ̀, á máa mi ìdí kékeré yẹn. Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí mo gbé agolo mílíìkì kan fún un pẹ̀lú ṣíbí. Ẹ gbà mí! Ẹ ò gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń lù. Kì í ṣe gbàmùgbàmù táwọn ọmọdé máa ń lù o. Ó ń lù ú geere, kò sáré, kò fà sẹ́yìn, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan gbè é. Ọkọ mi gbé ìwé ìròyìn ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará ilé yọjú láti ẹnu ọ̀nà.

Ọwọ́ wo ló fi di ṣíbí mú? Òsì ni.

Kò sí ẹni tó rí ìyẹn àfi Màmá. Ìyá ọkọ mi ni Màmá, láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá bá wa tọ́mọ. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní gbé ẹ̀bi tèmi lé òkú lórí. Ó kàn sọ fún mi pé, "Ìyàwó, ọwọ́ òsì lọmọ yìí fi ń ṣe gbogbo nǹkan o." Mo ní ọmọdé ni, á fi í sílẹ̀. Màmá ní ṣé lọ́jọ́ tó bá délé ọkọ, tó fọwọ́ òsì gbé omi fún bàbá ọkọ ẹ̀, ni màá wá sọ pé ọmọdé ni? Ó ní ilé ta ni wọ́n máa sọ pé ó ti jáde?

Mi ò kà á sí púpọ̀, títí di ọjọ́ Ìsinmi kan tí ìyàwó pásítọ̀ wá kí wa. Mo bu omi sínú ife, mo ní kí Mojí gbé e fún un. Ọmọ náà gbé e dé iwájú obìnrin yìí, ó na ọwọ́ òsì. Ìyàwó pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, kò gba ife. Ó ń dúró. Gbogbo wa ń dúró. Ọmọ náà ò mọ ohun tí à ń dúró dè, ó ṣáà na ife sókè títí omi fi ń dà sí i lọ́rùn ọwọ́.

Ojú tì mí! Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ ní rúlà nílé ìwé nítorí pé wọ́n fọwọ́ òsì kọ̀wé! Ọmọ tèmi wá ńkọ́?

Ọdún yẹn náà ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà á rántí bí gbogbo Èkó ṣe dàrú. Màmá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí gbogbo Nàìjíríà bá lè kúrò lápá òsì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Mojí ò lẹ́jọ́ rò.

Mo fa ìró àtijọ́ kan ya, mo gé e tín-ínrín. Tí oúnjẹ bá ti dé, màá so ọrùn ọwọ́ òsì ẹ̀ mọ́ ìbàdí ẹ̀. Kò le koko o. Mo dè é jẹ́jẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sunkún títí ohùn ẹ̀ fi há. Mo wá ronú pé, ṣebí tíṣà orin ni mí? Kí ló dé tí mi ò lo ohun tí mo mọ̀? Mo bá jókòó, mo ṣe orin kékeré kan fún un:

Ọwọ́ ọ̀tún, wá jẹun o,
Wá jẹun, wá ṣeré.
Ọwọ́ òsì, lọ sùn o,
Lọ sùn, sùn jẹ́jẹ́.

Orin náà dùn. Èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ kẹta, Mojí ò sunkún mọ́. Nígbà tó yá, òun fúnra ẹ̀ lá lọ mú aṣọ náà wá, á na ọwọ́ òsì sí mi, á ní kí n kọ orin náà. Ẹ̀rín lá máa rín tí mo bá ń dè é. Mo ròyìn fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé. Méjì nínú wọn lọ kọ orin náà fún àwọn ọmọ tiwọn.

Ṣé ẹ rí mi? Ṣé ẹ rí ọgbọ́n mi?

Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dè é nígbà tó bá ń lu agolo náà, torí mo ní ọwọ́ tó bá ń ṣeré á fẹ́ jẹun. Ó ń fi ọ̀tún lù ú. Kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣe ló ń lù ú bí ẹni tó ń tiro. Màá ní, "Mojí, fara balẹ̀!" Ó ń fara balẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rin, a ò nílò aṣọ mọ́. Ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń gbé nǹkan fún àlejò, á fi orúnkún kan kúnlẹ̀, á tún fi ìkejì kún un. Nígbà tí Màmá ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbàdúrà fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní mo tọ́mọ.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì wa ra dùùrù ńlá tuntun, wọ́n ní kí ọkọ mi máa gbé kékeré tó ti gbó lọ. Èyí tí èèyàn máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wọnú ẹ̀ ni. Ọmọlanke ló gbé e láti Yábàá wá sílé, ọkọ mi ń rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni ń sin ìyàwó. A gbé e sí pálọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn débi pé mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹsẹ̀ Mojí ò tólẹ̀, nítorí náà a jọ máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ni. Èmi á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òun á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Orin tó bá gbọ́ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì láàárọ̀, tó bá ti ilé ìwé dé á wá a jáde lórí dùùrù. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń lò.

Ọwọ́ òsì ńkọ́? Ó wà lábẹ́ itan ẹ̀. Mo rí i o! Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú pé ọmọ mi mọ̀wà hù. Mo ní tó bá yá, ó máa kan ọwọ́ yẹn.

Bàbá kan wà tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀gá Dùùrù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo ló máa ń mú sọ́dọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti kọ́, tí ìyẹn bá dàgbà tó bá tiẹ̀ lọ, á tó mú òmíràn. Ọkùnrin ni gbogbo wọn látọjọ́ tó ti ń bọ̀. Lọ́dún tí Mojí pé mẹ́fà, ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Bàbá ní kí ẹni tó bá lọ́mọ mú un wá lọ́sàn-án Sátidé.

Ẹ ò rí mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn! Mo di irun ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ti àkọ́kọ́ ò dúró dáadáa. Mo lọ aṣọ ẹ̀ títí ó fi ń dán. Ọkọ mi ní òun ò ní tẹ̀ lé wa, torí àyà òun ń já. Ó ní òun máa dúró sẹ́nu ọ̀nà dè wá.

Bàbá jókòó sídìí dùùrù ńlá náà, ó ní kí Mojí jókòó ti òun. Èmi jókòó sẹ́yìn wọn. Ó fi ìka kan tẹ orin kúkúrú kan, ó ní kí òun náà tẹ̀ ẹ́. Mojí tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ èyí tó gùn. Mojí tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ òmíràn tó lọ́ mọ́ra, èmi tíṣà ti sọnù sí àárín ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi tẹ gbogbo ẹ̀, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Bàbá yíjú sí mi, ojú ẹ̀ ń dán. Ó ní, "Tíṣà, kí lẹ fún ọmọ yìí jẹ?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo ti ń rí ìjọ tó dìde dúró.

Bàbá ní, "Ó dáa, ìyá mi. Gbé ọwọ́ òsì náà wá."

Mojí ò gbé e wá. Ó jókòó lé e lórí. Bàbá rò pé kò gbọ́ ni, ó tún un sọ, ó ní èyí tó kù ńkọ́, kó gbé e jáde kí wọ́n jọ ṣeré. Mojí bojú wẹ̀yìn, ó wò mí. Mo mi orí sí i pé kó gbé e. Ó ṣì ń wò mí. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi dáhùn ní kíláàsì sọ pé, "Ó ti sùn, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó sùn kẹ̀? Jẹ́ ká jí i." Ó fa ọwọ́ náà jáde. Mojí dì í ní ìkúùkù. Bàbá ń tú ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn lé orí dùùrù. Bó ṣe jọ̀wọ́ ẹ̀, ọwọ́ náà dì padà, ó sì rọra sá lọ sábẹ́ itan. Ó tún gbé e. Ó tún sá. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, omi ti ń kán láti orí bẹ́ńṣì sílẹ̀. Ọmọ mi ti tọ̀ sára.

Bàbá ò pariwo mọ́ ọn. Áńkáṣíìfù ara ẹ̀ ló fi nu bẹ́ńṣì. Ó bi mí pé ọwọ́ wo ni ọmọ yìí ń lò nígbà tó ṣì kéré. Mo ní òsì ni. Ó ní ta ló yí i padà? Orúkọ Màmá dé ẹnu mi o, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n mo ní èmi ni.

Ó mi orí. Ó ní nídìí dùùrù, ọwọ́ òsì ló ń gbé gbogbo orin ró. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń wá ọmọ tí ọwọ́ òsì ẹ̀ lágbára, òun ò rí, torí a ti dè wọ́n nílé kí a tó mú wọn wá bá òun. Ó wá sọ fún mi pé kí n mú un lọ sílé. Ó ní kí n má kọ́ ọ ní nǹkan kan, kí n má sọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn rárá. "Tó bá jáde fúnra ẹ̀, Tíṣà, ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ má pè é o." Ó ní òun ò ní mú ọmọ mìíràn títí di ọdún Àjíǹde. Tí ọwọ́ náà bá jáde kó tó dìgbà yẹn, kí n mú un padà wá.

A rìn wálé ni, láti Yábàá. Ọkọ mi rí wa lókèèrè, ó dìde. Nígbà tí mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò bínú. Ó kàn ní òun rò pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe, torí èmi ni tíṣà. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Mo gbìyànjú o! Mo pa ẹnu mi mọ́. Mo gbé agolo mílíìkì sílẹ̀ níbi tó ti lè rí i. Tó bá fẹ́ mú ṣíbí, ojú mi ló máa kọ́kọ́ wò. Ìgbàkígbà. Mi ò sì mọ irú ojú tó yẹ kí n ṣe. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ọ̀tún ló máa fi mú un. Tí mo bá yíjú síbòmíràn, kò ní mú un rárá.

Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún Àjíǹde dé. Mo ti ilé ìwé dé, mo gbé àwo ẹ̀wà sórí itan lẹ́yìnkùlé, mò ń ṣà á. Mojí wà ní bàlùwẹ̀, ó ń wẹ̀. Mi ò gbúròó omi mọ́. Mo wá gbọ́ tí nǹkan kan ń dún, gúdú, gúdú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì ń sáré lé e lórí. Mo rò pé ilé kejì ni. Mo tẹ́tí. Bàlùwẹ̀ wa ni.

Mo rọra dìde. Mo fi ojú kan wo ihò ara pákó. Ọmọ mi da bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì ń lù ú! Méjèèjì! Òsì là gbalaja, òun ló ń gbá ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó wúwo, ọ̀tún ń ṣeré lé e lórí. Ọṣẹ wà lára ẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó pa ojú dé. Mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mi ò sì tíì gbọ́ ọ mọ́.

Kí ni Bàbá ní kí n ṣe? Ẹ̀yin náà rántí, àbí? Ó ní kí n ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹ̀wà dà nù lẹ́sẹ̀ mi. Mo ti ilẹ̀kùn pákó yẹn wọlé gbàgà, mò ń pàtẹ́wọ́, mò ń fò bí ọmọdé, mò ń pariwo pé, "Mojí! Ọwọ́ òsì! Ó ti jí! Ó ti jí o!"

Ọmọ náà fò sókè. Ó gbé ọwọ́ òsì pa mọ́ sẹ́yìn, ó fi ara ti ògiri, ọṣẹ ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní ṣe é mọ́."

Mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, mò ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní inú mi dùn ni. Mo mú ọwọ́ òsì náà, mò ń fẹnu kò ó. Bí mo ṣe ń fẹnu kò ó ló ń dì sí i. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń lọ jókòó lẹ́yìnkùlé tó bá ń wẹ̀. Omi nìkan ni mo máa ń gbọ́.

Ọdún Àjíǹde kọjá. Ọ̀gá Dùùrù mú ọmọ ẹlòmíràn, ọkùnrin. Mojí ò béèrè ìdí. Díẹ̀díẹ̀, kò wá sídìí dùùrù mọ́, nígbà tó sì yá, kò kọrin nínú ilé mọ́. Nílé ìwé, ipò kìíní ló ń gbà, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà. Àwọn èèyàn ń bá mi yọ̀ pé mo bí ọmọ tó gbọ́ràn.

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àṣé ó ku ọ̀kan.

Mo ti bí Dàpọ̀, àbúrò ẹ̀, nígbà yẹn. Ó ti ń jókòó, ó sì ti ń rá. Mojí ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń lọ aṣọ ní yàrá, àwọn méjèèjì wà ní pálọ̀. Dàpọ̀ ń lu agolo, gbàmùgbàmù, bí gbogbo ọmọ ọwọ́ ṣe máa ń lù ú. Mo wá gbọ́ ohùn Mojí. Ó ń kọrin!

Ẹ gbọ́, ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní mo ti gbọ́n. Mi ò sáré. Mi ò pàtẹ́wọ́. Mo yọ́ dé ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo dúró síbẹ̀, mo pa ojú mi dé, mo jẹ́ kó kọ ọ́ títí dópin. Ohùn yẹn mọ́, kò sì kúrò lójú ọ̀nà níbì kankan. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí etí mi tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀.

Ọwọ́ òsì, lọ sùn o. Lọ sùn, sùn jẹ́jẹ́.

Mo ṣí kọ́tìnnì. Ó ti so ọwọ́ òsì Dàpọ̀ mọ́ ìbàdí ẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì aṣọ ilé ìwé ẹ̀. Ó so ó jẹ́jẹ́, bí mo ṣe máa ń so ó. Dàpọ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i, ó fi ọ̀tún nìkan ń lu agolo.

Mi ò pariwo. Mo kúnlẹ̀, mo tú u. Mojí dúró tì mí, ó ń wo ojú mi, bó ṣe máa ń wò ó. Ó ní, "Mà, ṣé mi ò kọ ọ́ dáadáa ni?"

Mo ní ó kọ ọ́ dáadáa.

Eku jẹ inú dùùrù yẹn. A ń to aṣọ tá a ti lọ̀ sórí ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a kó kúrò ní Ojúelégba, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la fi í sí. Mojí ti di ìyá ọmọ báyìí, ó ń tọ́jú mi dáadáa, kò ṣe mí níbi kankan. Tí ìjọ bá dìde láti kọrin, á ṣí ìwé orin fún mi, á fi ọ̀tún dì í mú, ètè ẹ̀ ò sì ní mì. Ní àná, kí n tó jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo pè é lórí fóònù, mo bi í bóyá ó rántí ọjọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó ní òun ò rántí. Ó ní, "Màmá, ṣé mo lu bọ́kẹ́ẹ̀tì rí?"

Nítorí náà, ìyá ọmọ tó bi mí léèrè, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Máa kọrin fún wọn. Gbé agolo fún wọn. Ọwọ́ tó bá jáde, jẹ́ kó jáde. Má sì máa wò wọ́n jù nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, torí ojú ìyá lágbára ju aṣọ tí mo fà ya lọ. Bóyá ìyẹn á ṣiṣẹ́, mi ò mọ̀. Èyí tí kì í ṣiṣẹ́ nìkan ni mo mọ̀.

Ó ku ẹ̀yin. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín yín tí wọ́n dè lọ́wọ́ lọ́mọdé, nílé tàbí nílé ìwé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo tiẹ̀ nà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí yìí fún mi, ẹ má wojú mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú: ọwọ́ yín yẹn, ṣé ó padà jí?